Àwo Ni Mò Ń Kó Jọ, Kì Í Ṣe Awo

 

Tí ẹ bá ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí, ẹ ti mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, pé mo ti lé ní ọmọ ọdún 25 kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá fúnra mi, àti pé kóòdù kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ jẹun. Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé ara mi ní àrùn kan. Àwo ni mò ń kó jọ. Àwo òyìnbó àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Staffordshire, tó ní àwòrán búlúù lójú. Mo ní 41 báyìí. Ìyàwó mi ní kò gbọdọ̀ di 42.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn àwo yìí ṣe fẹ́ pa Yorùbá ilé wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan, màmá mi pè wá lórí WhatsApp, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ló gbé fóònù. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó kí ìyá àgbà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé. Ó ní, "Grandma, Daddy ní awo púpọ̀ nínú ilé. Awo wà lára ògiri. Awo mìíràn tún ń bọ̀ lọ́la."

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Màmá mi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì jókòó lẹ́yìn wọn. Mo rí ojú wọn nínú fóònù. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Fún ẹni tí etí rẹ̀ ò tíì gbá ìyàtọ̀ náà mú: àwo, tí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, ni a fi ń jẹun. Awo, tí ohùn méjèèjì dúró lágbedeméjì, ni ẹni tó mọ ohun ìkọ̀kọ̀: babaláwo, àwọn Ògbóni, àwọn tí a kì í bá wọn lọ sípàdé. Àwọ̀ tún wà lọ́tọ̀, ìyẹn búlúù, pupa, funfun. Ọmọ mi ti wá sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé bàbá òun kó awo kún ilé, pé ó fi wọ́n kọ́ ara ògiri, àti pé òmíràn ń bọ̀ lọ́la.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá mi wá nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣé bó o ṣe ń kọ́ ọmọ nìyí? Ẹnu rẹ ló ti gbọ́ ọ. Tó ò bá mọ̀ ọ́n pè, o ò bá kúkú fi sílẹ̀."

Ẹ̀fẹ̀ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ni. Ẹnu mi lọmọ ti gbọ́ ọ. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí ènìyàn bá da kóòdù tó ní àṣìṣe kọ síbòmíràn, àṣìṣe náà á bá a lọ ni, á sì máa bímọ níbẹ̀. Mo wá ń rò ó pé, gbogbo ohùn tí mo ń ṣì pè, ṣé ọmọ mi ló máa jogún wọn? Tí òun náà bá bímọ ńkọ́?

Mo bá pa ẹnu mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ dáwọ́ dúró. Mo kàn dáwọ́ dúró ni. "Ẹ káàárọ̀" di "good morning." "Wá jẹun" di "dinner's ready." Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń da aṣọ bò ó, ọmọ mi wo ojú mi, ó ní, "Daddy, ṣé Yorùbá ti tán ni?" Bí ẹni tó ń béèrè mílíìkì inú fíríìjì.

Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ àwo. Kí ló gbé ọmọ Yorùbá dé ìdí àwo òyìnbó? Nígbà tí a wà ní kékeré, màmá mi ní kọ́bọ́ọ̀dù onídígí kan ní pálọ̀. Ó dá mi lójú pé irú rẹ̀ wà nílé tiyín náà. Inú páàsì wọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Ife olómi góòlù wà níbẹ̀, àwo ìrántí ìgbéyàwó àwọn ènìyàn tí a ò mọ̀ wà níbẹ̀, àwo búlúù mẹ́fà sì tò sẹ́yìn gbogbo wọn. A ò fi wọ́n jẹun rí. A kàn ń wò wọ́n ni.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mo lọ sí ọjà car boot kan nítòsí Manchester, níbi tí à ń gbé báyìí. Láàárín bàtà àlòkù àti ohun ìṣeré ọmọdé, mo rí àwo màmá mi. Kì í ṣe tiwọn gan-an, ṣùgbọ́n àwòrán kan náà ni. £2 ni wọ́n pè é. Àyà mi já bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lójú títì. Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Willow ni wọ́n ń pe àwòrán náà, ẹ sì ti rí i rí, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Igi willow kan tẹrí ba létí omi. Afárá kan wà níbẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ń sá kọjá lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan wà, ilé ńlá kan tó dà bíi ti ilẹ̀ China wà, ọgbà kan wọ́ lọ níwájú, ẹyẹ méjì sì kọjú síra wọn lókè.

Mo rò pé láti China ló ti wá. Irọ́ ni. Àwo tánńganran láti China, aláwọ̀ búlúù lórí funfun, ni àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rà ní ọ̀rúndún 18. Àwọn amọ̀kòkò Staffordshire fẹ́ ṣe irú rẹ̀ tí owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ní 1784, Josiah Spode ní ìlú Stoke mọ ọ̀nà tí a fi ń tẹ àwòrán búlúù sábẹ́ ojú dídán àwo amọ̀. Ní nǹkan bíi 1790, àwòrán willow jáde. Wọ́n mú afárá láti ibì kan, wọ́n mú ilé láti ibòmíràn, wọ́n rán wọn pọ̀. Wọ́n ti wá ní àwòrán kan tó dà bíi ti China tán, tí kò sì sí ní China. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa àwọn olólùfẹ́ tó wà lórí afárá náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti hun ún, nígbà tí àwo ti pẹ́ lọ́jà. Ìwé ìròyìn kan tẹ ìtàn náà jáde ní 1849.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyàwó mi, ó ní, "Ayédèrú ni gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn." Mi ò lè jiyàn.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fín àwòrán sójú bàbà pẹlẹbẹ. Wọ́n á po àwọ̀ cobalt mọ́ òróró, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á fi pa ojú bàbà yẹn, wọ́n á wá nù ún kí àwọ̀ lè ṣẹ́kù sínú ojú fínfín nìkan. Wọ́n á tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọ́n á ti í bọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwòrán á sì wọ bébà. Wọ́n á gé bébà náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo tí wọ́n ti sun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ó, wọ́n á fomi fọ bébà kúrò. Àwọ̀ nìkan ló máa kù. Wọ́n á yan án kí òróró lè jó dànù, wọ́n á rì í bọ omi kan tó ń dà bíi dígí tó bá wọ iná, wọ́n á tún sun ún. Àwọ̀ búlúù náà wá wà lábẹ́ dígí. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Tí mo bá rí àwo lọ́jà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ni ìwé ìbí àwo. Tí kò bá sí orúkọ orílẹ̀-èdè níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é ṣáájú 1891. Òfin Amẹ́ríkà ló fà á: láti ọdún náà, ọjà tó bá fẹ́ wọ ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbé orúkọ ibi tó ti wá, ni àwọn amọ̀kòkò bá ń tẹ "England" sí i. "Made in England" sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀rúndún 20. Tí òǹtẹ̀ bá sì sọ pé ẹ lè gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fọ àwo, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ayé Victoria ló ti wá. Lẹ́yìn òǹtẹ̀, mo máa ń fi ìka ta á. Tó bá dún bí agogo, ara rẹ̀ dá. Tó bá dún bí igi, ó ti sán níbì kan, bí ojú ò tiẹ̀ rí i.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi.

Ilé ìwé gba ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo fi pa ẹnu mọ́, mo bá mú un wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Stoke-on-Trent. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n pa pọ̀ di Stoke ní 1910: Tunstall, Burslem, Hanley, Stoke, Fenton àti Longton. Longton ni Gladstone Pottery Museum wà, níbi tí àwọn iléru tó rí bí ìgò ṣì dúró sí. Nígbà kan, irú iléru bẹ́ẹ̀ lé ní 1,000 ní àgbègbè yẹn, èéfín èédú wọn sì ṣú bo ojú ọ̀run. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1956 wà lára ohun tó pa iná wọn. Èyí tó kù báyìí kò tó 50. Ọmọ mi wọ inú ọ̀kan, ó gbójú sókè wo ihò tó wà lókè pátápátá, ó pariwo orúkọ ara rẹ̀ kó lè gbọ́ bó ṣe máa dún padà.

Nígbà tí a jáde, a yà sí ṣọ́ọ̀bù àlòkù kékeré kan. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ín. Ó rí i pé mo ń wo àwo willow kan, kò dá mi lóhùn. Ọmọ mi ló pè. Ó ní kó fi ìka tọ etí àwo náà lọ yí ká, kó sọ fún òun tó bá kan ibi tí nǹkan ò ti lọ déédéé. Ìka ọmọ ń lọ, ó ń lọ, ó dúró. Níbẹ̀, ìlà búlúù méjì tó yẹ kó so pọ̀ ò so. Òdòdó kan gé sí méjì, ìdajì rẹ̀ ò sí.

Ìyá náà ṣàlàyé. Bébà àárín àwo dá wà, ti etí náà dá wà. Tí wọ́n bá lẹ ti etí yí ká, orí àti ìdí rẹ̀ ní láti pàdé níbì kan. Obìnrin ló ń lẹ bébà yẹn, àwọn ọmọdébìnrin ló ń gé e fún wọn. Iye tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n fi ń san owó wọn, nítorí náà kò sí àyè láti máa wọn òdòdó. Ó ní ìyá ìyá òun ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní tí òun bá rí àwo tí etí rẹ̀ pàdé láìsí àpá kankan, òun máa ń fura ni, torí ó lè jẹ́ ti àná.

Ọmọ mi ní, "So she made a mistake?"

Ìyá náà ní kì í ṣe àṣìṣe, ibi tí ọwọ́ ènìyàn dé ni. Ó gba £6 lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni ìkọkànlélógójì.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí à ń padà bọ̀, ọmọ mi gbé àwo náà lé itan. Ó ní kí ni àwọn ènìyàn orí afárá yẹn ń sá fún. Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí òdòdó tó gé yẹn. Mo ní, "Ààlọ́ o!"

Ojú rẹ̀ là. "Ààlọ̀!"

Mo sọ ọ́ fún un bí agbára mi ṣe tó. Ọkùnrin olówó kan wà, ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọbìnrin yìí fẹ́ràn akọ̀wé bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ́, ó lé akọ̀wé lọ, ó ṣe ọgbà yí ilé ká, ó fi ọmọ fún ìjòyè àgbàlagbà kan. Lọ́jọ́ àsè, akọ̀wé padà wá, òun àti ọmọbìnrin náà sá gba orí afárá. Bàbá ń lé wọn bọ̀, ó mú... ó mú... Mo wá ọ̀rọ̀ náà títí, mi ò rí i. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni ìgbálẹ̀. "Ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́!" Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga nítorí ẹ̀rín. Mo ń bá a lọ: wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dé erékùṣù kan, àwọn ọmọ ogun ìjòyè wá dáná sun ilé mọ́ wọn lórí, wọ́n sì di àdàbà méjì. "Àwọn náà nìyí lókè."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n sọ apá ti ìgbálẹ̀ nìkan.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ó sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá mi ní, "Ìgbálẹ̀ kẹ̀? Bàbá wo ló ń fi ìgbálẹ̀ lé ọmọ? Pàṣán ni wọ́n máa ń mú!" Pàṣán! Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Ìtìjú tún fẹ́ gbé mi, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Mo ní, "Èmi ni mo ṣì í, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀kan nínú àwo búlúù yín wá."

Wọ́n wá kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbé àwo wá síwájú fóònù. Mo ní kí wọ́n wo etí rẹ̀ yí ká. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Mo mọ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́ nìyẹn."

Ó wá hàn pé láti nǹkan bí ọdún 30 tí wọ́n ti ra àwọn àwo yẹn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, nínú owó tí wọ́n ń gbà fún gbígbá ọ́fíìsì láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n máa ń dojú apá ibẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò má bàa rí i. Wọ́n rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ ni. Wọ́n rò pé torí wọ́n gbọ́ ohùn Yorùbá lẹ́nu àwọn ni wọ́n fi ta àwo tí kò dáa fún àwọn.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bébà fún wọn, àti àwọn obìnrin tó ń lẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ títí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, olùkọ́ yín kan sọ fún mi pé tí mo bá ń sọ èdè méjì fún yín, orí yín á dàrú. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń bẹ̀rù kí Yorùbá mi má dí yín lọ́wọ́, mo sì ń bẹ̀rù kí òyìnbó mi má dójú tì yín. Ni mo bá ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín méjèèjì."

Mo ti tó ọmọ ọdún 36. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Gbogbo bí mo ṣe ń bínú pé wọn ò kọ́ mi lédè, ẹ̀rù tó pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ fún ọdún 18.

Wọ́n ní, "Níbo lọmọ wà? Àbẹ̀kẹ́, wí i kí n gbọ́: àwo."

"Àwo."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bàbá ẹ náà ńkọ́?"

Mo ní, "Àwo, mà."

Wọ́n gbé àwo padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n tó ti dígí, mo rí i pé wọ́n yí i. Òdòdó tó gé náà wá wà lókè.

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ṣì ń ṣi ohùn pè. Màmá mi ṣì ń tún un ṣe, pẹ̀lú ariwo. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tí wọ́n bá tún un ṣe tán, wọ́n á dúró kí n tún un pè, ọmọ mi náà á sì pè é tẹ̀ lé mi. Ó ti mọ pàṣán báyìí. Ṣùgbọ́n tó bá ń sọ àlọ́ willow, ìgbálẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ó ní ti Daddy dùn jù.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ wá àwo alálàwòrán kan ní charity shop, kò pọn dandan kó wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka tọ etí rẹ̀ kó wá ojú ìpàdé. Ẹ ní kó dárúkọ gbogbo ohun tó bá rí ní Yorùbá: igi, omi, afárá, ẹyẹ. Èyí tí ẹ̀yin náà ò bá mọ̀, ẹ pe ìyá àgbà. Kìlọ̀kìlọ̀ kan péré: dígí ojú àwo àtijọ́ lè ní òjé nínú, pàápàá èyí tó bá ti sán wẹ́wẹ́. Ẹ fi kọ́ ògiri, ẹ má fi bu oúnjẹ fún ọmọ.

Àwọn àgbà ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bí awo ò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo á tẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pè é dáadáa: awo ni mo ní, kì í ṣe àwo. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní èdè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, awo ara wa ni wá. Tí ẹ bá gbọ́ tí òbí kan ń ṣì í pè fọ́mọ rẹ̀ lójú títì, ẹ rọra tún un ṣe, ẹ má sọ pé kó fi sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o.